Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ta ló ni àwòrán tí mo yà?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ayàwòrán ni mí. Láti ìgbà tí mo ti ń ka ẹ̀kọ́ Búdà lọ́rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn: ẹ̀kọ́ náà ní kò sí "èmi" kan tó dúró gbọin-in, pé gbogbo nǹkan ló ń kọjá lọ.

Ẹ wo àwọn mọ́ńkì Tìbẹ́ẹ̀tì, àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹlẹ́sìn Búdà. Wọ́n á tẹ̀ ba fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, wọ́n á máa da iyanrìn aláwọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ẹnu àrọ irin tín-ín-rín títí mandala, àwòrán mímọ́ wọn, á fi pé. Lẹ́yìn náà, wọ́n á gbá a jọ, wọ́n á dà á sómi tó ń ṣàn. Kò sórúkọ ẹnikẹ́ni lára rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan dúró níwájú àwòrán mi, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ìyá òun tó ti kú lòun rí níbẹ̀. Òjò ni mo yà! Mo fẹ́ ṣàlàyé, mo bá pa ẹnu mi mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rin ọ̀nà yìí, ṣé kí n ṣì máa kọ orúkọ mi sígun àwòrán? Báwo lẹ ṣe ń yọwọ́ lára iṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ràn, tí ìfẹ́ iṣẹ́ náà ò sì ní kú?