Vif, ubiquitin àti APOBEC3G: kí ló dé tí àkàbà kò hàn lórí Western blot?

Ìbéèrè (Àrẹ̀mú_Láàbù)
Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. A fi DNA APOBEC3G (púrótéènì sẹ́ẹ̀lì ènìyàn tó ń gbógun ti fáírọ́ọ̀sì) àti ti Vif (púrótéènì tí HIV-1 fi ń mú un kúrò lọ́nà) sínú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn HEK293T, APOBEC3G sì pòórá bó ṣe yẹ. A fi HA-ubiquitin kún un (ubiquitin ni púrótéènì kékeré tí sẹ́ẹ̀lì ń so mọ́ púrótéènì tó fẹ́ gé; HA ni àmì tí a fi ń rí i), a fi antibody fa APOBEC3G jáde. Lórí Western blot, tó ń to púrótéènì ní ìwọ̀n wọn, àkàbà ubiquitin (ìlà tó ń gòkè bí ubiquitin ṣe ń pọ̀ sí i) tó yẹ kó gòkè láti 46 kDa, ìwọ̀n APOBEC3G, kò hàn rárá. Kẹ́míkà DTT 1 mM àti NEM ló wà nínú buffer (omi kẹ́míkà) tí a fi fọ́ sẹ́ẹ̀lì. Ibo ló ti bàjẹ́?

Ìdáhùn (Ìyá_Púrótéènì)
Àrẹ̀mú, o kú iṣẹ́. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Vif kì í pa APOBEC3G fúnra rẹ̀. Irinṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì ló ń yá lò. Àwọn amino acid SLQYLA tó wà ní ipò 144 sí 149 lára rẹ̀ ló fi di Elongin C mú, ibi tí zinc wà ló fi di Cul5 mú (méjèèjì wà lára irinṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì fi ń so ubiquitin), CBFβ tó jẹ́ ti sẹ́ẹ̀lì sì mú un dúró ṣinṣin. Wọ́n á wá so ubiquitin mọ́ APOBEC3G lẹ́sẹẹsẹ nípasẹ̀ K48 (lysine 48 lára ubiquitin), proteasome, ẹ̀rọ tí sẹ́ẹ̀lì fi ń gé púrótéènì, á sì gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Èyí tí àmì wà lára rẹ̀ gan-an ló ń kọ́kọ́ run. Nítorí náà, fi MG132, tó ń dí proteasome lọ́wọ́, 10 µM sí i fún wákàtí 4 sí 6 kí o tó fọ́ sẹ́ẹ̀lì. Má fi í sílẹ̀ mọ́jú, sẹ́ẹ̀lì á máa kú.

DTT yẹn náà ń bà á jẹ́. Òun ni NEM ń lẹ̀ mọ́, NEM á sì tán kó tó dá àwọn ensáìmù tó ń ja ubiquitin kúrò dúró. Yọ DTT, kí o fi NEM tuntun 10 mM sí i.

Ìdáhùn (Bàbá_Blot)
Òótọ́ ni Ìyá sọ. Àmọ́ bí àkàbà bá tiẹ̀ hàn, ó lè má jẹ́ ti APOBEC3G: ubiquitin máa ń wà lára Vif náà, ó sì lè bá APOBEC3G jáde nígbà tí antibody bá fà á. Fi SDS 1% (ọṣẹ líle tó ń já púrótéènì kúrò lára ara wọn) fọ́ sẹ́ẹ̀lì, sè é ní 95°C fún ìṣẹ́jú 10, fi abẹ́rẹ́ fà á lọ fà á bọ̀ kí DNA má fà bí ọ̀bẹ̀ ewédú, lẹ́yìn náà fi buffer tí kò ní SDS là á dé 0.1%. Bí o kò bá là á, SDS á ba antibody jẹ́.

Má gbàgbé àwọn àfiwé: Vif tí a sọ SLQ rẹ̀ di AAA, àti APOBEC3G D128K (amino acid D ní ipò 128 rẹ̀ ti di K) tí Vif HIV-1 kò lè dì mú. APOBEC3G gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù nínú méjèèjì. MLN4924, oògùn tí kì í jẹ́ kí NEDD8 (àmì tó ń mú Cul5 ṣiṣẹ́) so mọ́ Cul5, yẹ kó dá APOBEC3G padà pẹ̀lú.

Ìdáhùn (Ọmọ_Capsid)
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi MG132 sínú sẹ́ẹ̀lì tí ẹ ti fẹ́ kó fáírọ́ọ̀sì jáde. Ubiquitin tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ á dínkù, Gag, púrótéènì tó ń kọ́ ara fáírọ́ọ̀sì, kò sì ní lè já kúrò lára sẹ́ẹ̀lì dáadáa. Ẹ óò wá rò pé APOBEC3G ló fà á. Vif AAA yẹn ni kí ẹ lò. APOBEC3G á bá fáírọ́ọ̀sì wọ sẹ́ẹ̀lì tó kàn, ibẹ̀ ló ti ń sọ C di U lára DNA àkọ́kọ́ tí fáírọ́ọ̀sì ń kọ. Sẹ́ẹ̀lì tuntun yẹn ni kí ẹ ti ka DNA: ẹ wá G tó di A (bí C tó di U lára okùn kìíní ṣe ń hàn lára okùn kejì nìyẹn), pàápàá níbi tí G méjì bá ti tẹ̀léra.