Ilé àtijọ́ wa ní Suffolk: ṣé kí a bó sìmẹ́ǹtì ara ògiri rẹ̀ ni?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹni tó bá ti tún ilé àtijọ́ ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Èmi àti ọkọ mi ra ilé kékeré kan ní abúlé kan ní Suffolk. Òpó igi oak ló gbé e ró. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n hun, tí wọ́n fi amọ̀ rẹ́, ni wọ́n fi dí àárín àwọn òpó náà. Pòròpórò àlìkámà ni wọ́n fi bo òrùlé. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, koríko bẹẹrẹ tí wọ́n fi ń bo ààfin Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́ ló sọ sí mi lọ́kàn.

Àwọn tó ni ín ṣáájú wa ti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ìta rẹ̀. Sìmẹ́ǹtì náà ti là níhà ọgbà. Mo ti ìka bọ ẹsẹ̀ òpó kan níbẹ̀, ó rọ̀ bíi búrẹ́dì tí a rì sínú tíì. Omi ń wọlé, kò rí ọ̀nà jáde. Bíríkìlà wa ní ká rẹ́ sìmẹ́ǹtì míì lé e. Ọkàn mi kò gbà á rárá, torí lime (ẹfun òkúta sísun tí wọ́n fi ń rẹ́ ògiri) tí wọ́n ń lò láyé ọjọ́un máa ń jẹ́ kí ògiri mí.

Ṣé ká bó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ni, àbí ìhà kan kan? Ṣé amọ̀ inú kò ní bá a wó? Grade II ni ilé náà, ìyẹn ni pé ó wà lára ilé àtijọ́ tí òfin ń dáàbò bò, a gbọ́dọ̀ gba àṣẹ káńsù: kí ni kí n kọ́kọ́ bi wọ́n? Òtútù ti ń bọ̀, yìnyín sì máa ń ba lime tí kò tíì gbẹ jẹ́.