Ta ni ọtí ti yí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ padà?

Àkàndé: Èsì mi dé o. GGT, èròjà ẹ̀dọ̀ tí ọtí máa ń gbé sókè, ti fò sókè, tràìgílísẹ́ráìdì (ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀) náà ga, àmọ́ HDL, kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tí wọ́n ń pè ní rere, dára gan-an. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń mutí, tiyín ńkọ́?

Ìyá Bọ́lá: Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin máa ń ga. Dókítà á sọ̀rọ̀, kò ní gbọ́, ọtí ṣáá ni. Nígbà tó yá, ó já wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ń yọ̀, ó ní ara òun ti le bí irin. Kò pẹ́ sígbà náà tí ikùn fi wú, tí ojú pọ́n, tí ìtọ̀ pọ́n. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ara. Tiẹ̀ ti le gbagidi, kò lè ṣe é mọ́.

Ṣadé: Yéè! Ẹ yọ̀ sí nǹkan burúkú?

Ìyá Bọ́lá: Òun ló yọ̀ o, kì í ṣe èmi.

Baba Táyé: Mi ò gbà. Ẹ̀dọ̀ àbúrò ìyàwó mi bàjẹ́, kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù rẹ̀ ga ju ti gbogbo wa lọ.

Nọ́ọ̀sì Dúpẹ́: Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre, sà. Bí ọ̀nà òróòro bá dí, kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tó yẹ kó bá a jáde á ṣẹ́rí padà sínú ẹ̀jẹ̀. Ṣé ara kì í yún un?

Baba Táyé: Háà! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ họra bó.

Káyọ̀dé: Àkàndé, HDL ẹ dára, kí lò ń sunkún sí? Ọtí ń fọ ọkàn. Máa mu.

Nọ́ọ̀sì Dúpẹ́: Fọ kí ni? Oògùn torcetrapib gbé HDL sókè dáadáa, síbẹ̀ ikú pọ̀ sí i láàárín àwọn tó ń lò ó, wọ́n sì dá ìdánwò rẹ̀ dúró ní 2006. Tràìgílísẹ́ráìdì ni kó o bojú wò, Àkàndé.

Káyọ̀dé: Mo ti gbọ́, mà.

Alágbára: AST tèmi, èròjà ẹ̀dọ̀ míì, ga, mi ò sì mutí rí. Irin tí mò ń gbé ni.

Káyọ̀dé: Gbogbo ọ̀mùtí ló ń pè é ní irin 😂

Nọ́ọ̀sì Dúpẹ́: Òótọ́ ló sọ, AST wà nínú iṣan ara náà. Tó bá jẹ́ ọtí ni, AST sábà máa ń tó ìlọ́po méjì ALT, èròjà ẹ̀dọ̀ míì, GGT á sì ga.

Alágbára: Káyọ̀dé, wá gbé 100 kílò ká wò ẹ́.

Àkàndé: Ẹ jọ̀ọ́, GGT mi ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Dúpẹ́: Pa ọtí tì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó o tún un yẹ̀ wò. Tí kò bá wálẹ̀, padà sọ́dọ̀ dókítà.

Káyọ̀dé: Alágbára, 20 kílò ńkọ́?