Sáíkọ́lọ́jì "ọmọlúàbí" kọ́: mo dábàá "afènìyànṣáájú"

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnìkan nínú wa ní ká máa pe ẹ̀ka sáíkọ́lọ́jì (ìmọ̀ nípa ọkàn àti ìwà ẹ̀dá) tí òyìnbó ń pè ní humanistic ní "sáíkọ́lọ́jì ọmọlúàbí". Ẹlòmíràn ní "ajẹménìyàn" ló yẹ. Mo mọ rírì iṣẹ́ àwọn méjèèjì, àmọ́ n kò lè fara mọ́ ìkankan.

Ti èkejì kò gùn. "Ajẹmọ́" ti bá wa ṣiṣẹ́ dáadáa nínú ajẹmẹ́sìn àti ajẹmáwùjọ, ṣùgbọ́n ẹ pe ajẹménìyàn sókè kí ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún. Ajènìyàn ni etí á kọ́kọ́ gbọ́. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú kò yẹ kó gbọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ẹni tó fẹ́ ràn án lọ́wọ́.

Ti ọmọlúàbí ló jinlẹ̀. Carl Rogers, onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì ará Amẹ́ríkà tó wà lára àwọn aṣáájú ẹ̀ka yìí, sọ pé ẹni tó ń gbani nímọ̀ràn gbọ́dọ̀ fa ẹni tó wá bá a mọ́ra láìfi ìwà rẹ̀ ṣe gbèdéke. Olè lè wá, ọ̀mùtí lè wá, kò ní dá wọn lẹ́jọ́. Ọmọlúàbí ńkọ́? Oyè ìwà ni. Ará ilé àti ará àdúgbò ló ń fi dáni lọ́lá, àwọn náà ló sì ń gbà á padà lọ́jọ́ téèyàn bá hùwàkiwà. Bí a bá fi sọ ìlànà yìí lórúkọ, ìdájọ́ tí Rogers lé síta la tún mú wọlé yẹn.

Ẹ fi wé àwọn onímọ̀ ẹ̀ka mìíràn. Freud ń wá ohun tó fara sin lọ́kàn èèyàn láti kékeré. Skinner ń fi eku àti ẹyẹlé wo bí èrè ṣe ń darí ìwà. Rogers ní ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ló mọ ibi tó ń dun òun. Ìdí nìyí tí mo fi ní afènìyànṣáájú. Rogers kọ̀ láti máa pe ẹni tó wá gba ìmọ̀ràn ní aláìsàn. Èmi á pè é ní "afọ̀rọ̀lọni".

Àwọn kan tún ń lo "ìmúṣẹ àyànmọ́" fún ohun tí Maslow, aṣáájú mìíràn nínú ẹ̀ka yìí, kọ ní 1943 (self-actualization), pé ó máa ń wu èèyàn láti di gbogbo ohun tó lè dà. Kò bá a mu, nítorí àyànmọ́ ti wà kéèyàn tó wáyé. Rogers ní tirẹ̀ a máa rántí ànàmọ́ tí wọ́n kó pa mọ́ sí yàrá abẹ́ ilé wọn nígbà òtútù, tó hù, tó funfun, tó ń nà lọ síbi fèrèsé kékeré tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Ẹni tó ti rí iṣu tó hù nínú àká mọ ohun tó ń wí. "Ìhùjáde" ni mo fẹ́, nítorí "hù" yìí kan náà ló wà nínú hùwà.

Ẹnìkan á ní Yorùbá kò gbà pé èèyàn ń dá hù. Òótọ́ ni, ibẹ̀ gan-an sì ni àléébù ìlànà náà: ẹnìkan ṣoṣo ló ń wò, kò fi bẹ́ẹ̀ ka ẹbí àti ìlú sí. Àléébù mìíràn ni ti ẹ̀rí: Maslow fúnra rẹ̀ ló ṣa àwọn tó kà sí ẹni tó ti hù tán, Lincoln àti Einstein wà lára wọn. Rogers sàn díẹ̀, ó ń gba ohùn ìjókòó ìgbaninímọ̀ràn sílẹ̀ kí ẹlòmíràn lè yẹ̀ ẹ́ wò. Síbẹ̀, nígbà tó gbé ìlànà rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ní àrùn ọpọlọ tó le ní Wisconsin, ní Amẹ́ríkà, èso rẹ̀ kò tó ohun tí wọ́n retí. Orúkọ ọmọlúàbí á bo àléébù ti ẹbí àti ìlú yẹn mọ́lẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á rò pé Rogers ti ro ti ará ilé mọ́ ọn.

Bí ẹ bá ní èyí tó sàn ju afọ̀rọ̀lọni lọ, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi ránṣẹ́. Òun nìkan ni ọkàn mi kò tíì balẹ̀ lé.