Lẹ́tà iṣẹ́ tí mo túmọ̀ fún ìyá mi ní Ìtòkú

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan kọ lẹ́tà sí mi pé kí n wá bá àwọn ṣiṣẹ́. Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà. Ilé-iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ńlá ni, wọ́n sì ní ọ́fíìsì ní Èkó.

Ọdún márùn-ún ni mo fi ń ṣe software níbi kékeré kan ní Ìbarà, l'Abẹ́òkúta. Àwa mẹ́sàn-án péré. Àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù là ń ṣe é fún: ẹni tó dá owó, ẹni tó yá owó, èlé tó kù, gbogbo rẹ̀ á wà lórí fóònù akápò. Bó bá dàrú lọ́jọ́ Àìkú, èmi ni akápò máa pè. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn dọ́kàn. Owó rẹ̀ ni kò tó mi í ná.

Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò kí lẹ́tà tó dé. Nígbà tí mo rí iye tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo gun ọ̀kadà, ó di Ìtòkú, nídìí àdìrẹ ìyá mi.

Awò ojú wọn wà nílé, ni wọ́n bá ní kí n kà á fáwọn ní Yorùbá, látòkè délẹ̀, kí n má fo nǹkan kan. Ibẹ̀ lojú mi ti là. Ohun tí mo ti sáré kà kọjá lédè òyìnbó, mo ní láti wá ọ̀rọ̀ fún un. Iye tó ń dán lójú mi yẹn, púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í ṣe owó oṣù. Ṣíà ni, ìyẹn ìpín nínú ilé-iṣẹ́ náà, ọdún mẹ́rin ni wọ́n máa fi pín in fún mi. Kí ọdún kìíní tó pé, mi ò ní í rí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Bí mo bá kúrò lóṣù kọkànlá, tàbí tí wọ́n bá ní kí n máa lọ, ó tán nìyẹn.

Ìyá mi ní, "Àbẹ̀kẹ́, bí oníbàárà bá ní ó di ọdún tó ń bọ̀ kóun tó sanwó aṣọ, ṣé mo lè fi owó yẹn ra aró lónìí?"

Wọ́n ní kí n kọ owó oṣù nìkan sílẹ̀. A yọ owó ilé Èkó, tòun ti àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣọ̀nnù. Mo ní mo lè máa wọ rélùwéè láti Laderin. Wọ́n bi mí pé bí mo bá dé Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta ńkọ́, ta ló máa gbé mi dé Erékùṣù? A dá owó ilé padà, a yọ owó ọkọ̀ dípò rẹ̀. Ohun tó kù fi díẹ̀ ju owó tí mò ń gbà ní Ìbarà lọ.

Ẹ̀rù tún wà lọ́kàn mi. Google kéde ní oṣù kìíní 2023 pé òun máa dá èèyàn 12,000 dúró. Microsoft ṣí ibùdó àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ sí Èkó ní 2019, wọ́n sì tì í pa ní 2024. Àwọn tó wà níbẹ̀ mọṣẹ́ jù mí lọ.

Ìyá mi tún béèrè pé, "Iṣẹ́ wo gan-an ni wọ́n fẹ́ kó o máa ṣe?" Mo wá a títí nínú lẹ́tà, kò sí níbẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo kọ̀wé sí wọn. Ẹ̀ka wo ni mo máa wà? Ọjọ́ mélòó ni mo gbọ́dọ̀ wá sí ọ́fíìsì? Bí ẹ bá dá mi dúró, kí lẹ máa san? Ṣé ẹ lè fi kún owó tí màá rí gbà lọ́wọ́? Àyà mi já nígbà tí mo fi í ránṣẹ́, mo rò pé wọ́n máa gba iṣẹ́ wọn padà. Wọn ò bínú. Owó oṣù ò yí padà, ṣùgbọ́n wọ́n fi owó ìwọṣẹ́ kún un, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ni mo máa wá.

Mo gbà á. Mo fi oṣù kan kọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbapò mi, síbẹ̀ akápò kan ní Láfẹ́nwá ṣì ń pè mí, mo sì ń dá a lóhùn. Abẹ́òkúta ni mo ṣì ń gbé. Oṣù kẹsàn-án tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ tuntun yìí rèé. Mi ò tíì ka ṣíà yẹn mọ́ owó mi.