Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí IVF yìí o

Ẹ̀yin àǹtí mi, Ògbómọ̀ṣọ́ la wà, a fẹ́ ṣe IVF (kí wọ́n po ẹyin obìnrin àti àtọ̀ ọkùnrin pọ̀ níta ara, kí wọ́n tó gbé e sínú ilé ọmọ) n'Íbàdàn, ibi méjì la ń wò. Ti àkọ́kọ́ ní tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ tó ń mú ẹyin dàgbà kí n máa wá fún síkáànù ní ọjọ́ méjì-méjì, wọ́n á tún máa fa ẹ̀jẹ̀ wo estradiol (họ́mọ̀nù tó ń pọ̀ sí i bí ẹyin ṣe ń dàgbà). Ìkejì dínwó gan-an, àmọ́ síkáànù ẹ̀ẹ̀mejì péré, kò sí ti ẹ̀jẹ̀ rárá. PCOS (àìsàn họ́mọ̀nù tí kì í jẹ́ kí ẹyin jáde déédéé) sì ń ṣe mí, OHSS ni mò ń bẹ̀rù, ìyẹn kí abẹ́rẹ́ yẹn má lọ ru ibi tí ẹyin ń gbé sókè jù, kí ikùn má lọ wú kó gbomi. Ọkọ mi ń pariwo owó ọkọ̀ (ó jàre díẹ̀ ṣá). Ṣé wọ́n máa ń gbà ká ṣe síkáànù níbí, ká fi èsì ránṣẹ́ lórí WhatsApp? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é, kí ló yẹ ká bi wọ́n ká tó sanwó?