Ohun tí ojú yín rí lọ́wọ́ wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì lórí Linux, ẹ wá sọ ọ́ síbí

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo fẹ́ fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, èmi ni màá kọ́kọ́ tú àṣírí ara mi. Debian ni mò ń lò lórí dẹ́sítọ́ọ̀pù mi, wáyà ló ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá fún un láti ara ráútà, Wi-Fi ò sí lára ẹ̀ rárá. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo ṣe update, kernel tuntun, ìyẹn ọkàn Linux gan-an, wọlé, mo pa ẹ̀rọ mo tún un tàn, ni íntánẹ́ẹ̀tì bá yarí. Ta ni màá dá lẹ́bi bí kò ṣe kernel? Káàdì Realtek ló wà nínú ẹ̀, mo sì ti ka oríṣiríṣi ẹjọ́ nípa r8169, driver (ètò tó ń mú káàdì ṣiṣẹ́) tiẹ̀, torí náà mo ti dá ẹjọ́ tán kí n tó gbọ́ tẹnu ẹlẹ́rìí.

Mo padà sí kernel àtijọ́ láti ojú GRUB, ibi téèyàn ti ń yan kernel nígbà tí ẹ̀rọ bá ń tàn, kò yí nǹkankan padà. Mo pa NetworkManager, ètò tó ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, mo tún un tàn, mo fi ọwọ́ ara mi kọ àdírẹ́sì IP sílẹ̀, mo yọ ọ́, mo tún wọ inú fáìlì /etc/network/interfaces lọ kọ nǹkan tí mi ò lè ṣàlàyé fún yín títí dòní. Aago kan òru ti lù. Gbogbo ìgbà yẹn o, tí mo bá ti tẹ ip link báyìí, NO-CARRIER ló ń kọ síwájú enp3s0 (orúkọ tí Linux ń pe káàdì wáyà mi), mo ń rí i, mo sì ń fojú fò ó, mo ṣebí ara àwọn òyìnbó tí ẹ̀rọ máa ń sọ lásán ni. Bẹ́ẹ̀ ìtumọ̀ NO-CARRIER ò ju pé káàdì ò gbọ́ ẹnikẹ́ni ní òdìkejì wáyà, bí ìgbà téèyàn gbé fóònù sétí tó dákẹ́ fọ́ọ́. Tí ìyẹn bá ti wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ IP tàbí DNS (tó ń sọ orúkọ ìkànnì di àdírẹ́sì) ò tíì yọjú rárá.

Ilẹ̀ mọ́ kí n tó rántí tẹ̀ba wo ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà. Iná kékeré tó máa ń ṣẹ́jú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò wáyà ò tàn. Mo fọwọ́ kan wáyà báyìí ó yọ jáde lọ́wọ́ mi, ike kékeré tó máa ń dún kọ́ téèyàn bá tì í wọlé ti kán. Mo wá rántí pé nígbà tí mò ń dúró kí update parí mo na ẹsẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Kernel ò mọwọ́ mẹsẹ̀, ẹsẹ̀ mi ló mọ̀ ọ́n.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín tán. Mo ti wáyà wọlé dáadáa, iná tàn, NO-CARRIER kúrò, LOWER_UP (pé líǹkì ti wà) wọlé, síbẹ̀ kò sí íntánẹ́ẹ̀tì! nmcli device, kọmándì NetworkManager, ń kọ unmanaged. Gbogbo ìdọ̀tí tí mo kọ sínú interfaces lóru ló fà á, torí lórí Debian, káàdì tó bá ti ní ìlà tiẹ̀ nínú fáìlì yẹn, NetworkManager kì í dá sí i. Àrùn kan ni mo bá, méjì ni mo sọ ọ́ dà. Ó yá, ẹ̀yin náà, ẹ tú tiyín.

—

Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ nà yẹn fẹ́ fi ẹ̀rín pa mí o 😂. Tèmi ò tiẹ̀ kú bíi tiyín, ó ń ṣiṣẹ́, ó kàn ń wọ́ bí ìgbín ni. Mò ń da fáìlì láti orí kọ̀ǹpútà kan sí ìkejì, Linux ni méjèèjì, swíìṣì gigabit (àpótí tó ń so wáyà pọ̀, 1000Mb/s ni) ló wà láàárín wọn, síbẹ̀ kò kọjá 11 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo gbé ìbínú mi lọ sọ́dọ̀ Samba tí mo fi ń da fáìlì, mo fi NFS dán an wò, bákan náà, mo fi rsync, bákan náà. Ó yẹ kí nọ́ńbà yẹn ti la ojú mi, torí 11 àti díẹ̀ yẹn ni ibi tí agbára líǹkì 100Mb/s mọ, àmọ́ ẹni tó ti pinnu pé Samba lọ̀tá òun, ìgbà wo ló fẹ́ jókòó ṣírò?

Níkẹyìn mo tẹ sudo ethtool enp2s0, ó kọ Speed: 100Mb/s gbàgàdà síwájú mi. Dípò kí n béèrè ìdí, mo ní màá fipá mú un ni, mo pa autoneg tó ń jẹ́ kí àwọn káàdì fúnra wọn yan iyára, mo ní kó di 1000, líǹkì kú lójú ẹsẹ̀. Àṣé gigabit orí wáyà bàbà, àfi kí káàdì méjèèjì kọ́kọ́ bá ara wọn dúnàá-dúrà, ẹ ò lè pàṣẹ fún ọ̀kan kẹ́ ẹ fi ìkejì sílẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an: okùn tín-ín-rín mẹ́jọ ló wà nínú wáyà yẹn, méjì-méjì ni wọ́n lọ́ wọn pọ̀. 100Mb/s, mẹ́rin ló ń lò, ìkíní, ìkejì, ìkẹta àti ìkẹfà. Gigabit, mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ni. Èmi ni mo sì fọwọ́ ara mi de orí wáyà náà, mo ń yangàn pé tèmi á dáa ju èyí tí wọ́n ti dè tán lọ. Okùn keje ò wọlé débi tí irin á ti gbé e jẹ, ni àwọn káàdì méjèèjì bá sọ̀ kalẹ̀ sí 100 jẹ́jẹ́ wọn, wọn ò pariwo. Mo gé orí wáyà dànù, mo tún un dè, àárín 110 MB ló wà látìgbà náà.

—

Tèmi ò gùn. Mo ki káàdì gráfíìkì tuntun bọ inú kọ̀ǹpútà, mo tàn án, àwòrán dára bí ẹwà, íntánẹ́ẹ̀tì ò sí. enp3s0 ti di enp4s0. Ibi tí káàdì wà lórí PCI (ọ̀nà tí àwọn káàdì inú kọ̀ǹpútà so mọ́) ni systemd, ètò tó ń tan Linux, fi ń sọ ọ́ lórúkọ, àlejò dé, onílé sún síwájú. Netplan mi, fáìlì ètò nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ṣì wà ńbẹ̀ tó ń pe enp3s0 tí ò sí nílé mọ́. Mo yí orúkọ padà nínú fáìlì yaml, sudo netplan apply, parí. Nígbà tó yá mo wá ní kó máa fi MAC, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ara káàdì, dá káàdì náà mọ̀, ìyẹn ò kan ibi tó bá jókòó sí.

—

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo Windows àti Linux lórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo, ẹ gbọ́ tèmi torí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di wèrè. Ọjọ́ mìíràn á ṣiṣẹ́, ọjọ́ mìíràn á kọ̀ jálẹ̀, wáyà ò kán, mo ti pààrọ̀ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo ti gbé e sí ihò mìíràn lára ráútà, ethtool á kàn máa sọ Link detected: no bíi pé mi ò ti nǹkankan bọ̀ ọ́, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́ bí ọlọ́pàá, ohun tí mo ṣe kí ó tó bàjẹ́, ìgbà náà ló hàn sí mi pé gbogbo ọjọ́ tó bá kọ̀, Windows ni mo lò kẹ́yìn kí n tó pa ẹ̀rọ. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé tí Windows bá ń lọ ó ń ti káàdì Realtek yẹn lórun, Linux á sì dé kò ní lè jí i. Mo ń yọ wáyà iná kúrò lógiri fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ó tó jí, ìyẹn tó fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà mo wọ inú Windows, mo tan Wake-on-LAN (jíjí ẹ̀rọ láti ara wáyà) tó wà fún ìgbà tí ẹ̀rọ bá kú nínú ètò káàdì náà, mo pa Fast Startup tó ń jẹ́ kí Windows tètè tàn, kò tún dán an wò mọ́. Kò sí kọmándì Linux tí mi ò tẹ̀, bẹ́ẹ̀ inú Windows ni oògùn wà 🤦

—

Gbogbo yín ń sọ wáyà, iná, ike, ẹ jẹ́ kí n ta kò yín díẹ̀. Tèmi, iná ń tàn rekete, LOWER_UP wà, IP wà, ohun gbogbo dùn ún wò. Ìgbà tí mo ti wáyà bọ lápútọ́ọ̀pù gan-an ni íntánẹ́ẹ̀tì lọ, tí mo bá yọ ọ́, ó padà dé! Ẹ ronú sí i.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti kọ̀ǹpútà kan ló wà lórí swíìṣì tí wáyà yẹn lọ, ráútà kékeré tó wà ńbẹ̀ ń pín àdírẹ́sì, kò sì ní íntánẹ́ẹ̀tì kankan. Wi-Fi ni mo fi ń jáde. Ìgbà tí mo tẹ ip route, default (ọ̀nà àjáde) méjì ni mo rí, ti wáyà ní metric 100, ti Wi-Fi ní 600, èyí tó bá kéré ni Linux máa ń tọ̀, bẹ́ẹ̀ ni NetworkManager ṣe ń tò wọ́n, ó gbà pé wáyà dáa ju Wi-Fi lọ. Lápútọ́ọ̀pù mi ń kó gbogbo ẹrù lọ sí ojú ọ̀nà tí ò já síbì kan. Mo fi nmcli connection modify sọ fún kọnẹ́kíṣọ̀n wáyà náà pé ipv4.never-default yes, mo pa á mo tún un tàn, méjèèjì wá ń gbé pọ̀ ní àlàáfíà.

—

Àgbà ni mí nídìí iṣẹ́ yìí, ojú sì tì mí láti kọ eléyìí. Sẹ́fà (server) kan, mo fún un ní 192.168.1.50, mo kọ ọ́ mọ́ inú ẹ̀ kí ó má yí padà. Ó ṣiṣẹ́ fún oṣù bíi mélòó kan. Ó wá di pé SSH tí mo fi ń wọ inú ẹ̀ láti ibòmíì á dá dúró láàárín ọ̀rọ̀, lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan á tún padà. Mo ka ip -s link bóyá error ń gorí ara wọn, òdo ni gbogbo wọn. Mo pààrọ̀ wáyà bákan náà nítorí pé mi ò mọ nǹkan mìíràn tí màá ṣe.

Orí kọ̀ǹpútà mìíràn ni mo ti rí i. Mo ń tẹ ip neigh léraléra, MAC tó wà níwájú .50 ń yí padà, báyìí ti sẹ́fà, báyìí ti ẹlòmíì. Mo padà sórí sẹ́fà, mo tẹ sudo arping -D -I enp1s0 192.168.1.50, àjèjì dá mi lóhùn. Kámẹ́rà ara ògiri ni, ráútà ló fún un ní àdírẹ́sì yẹn, torí àárín àwọn tí DHCP (ètò ráútà tó ń pín àdírẹ́sì) ń pín ni èmi náà ti lọ já tèmi láìbéèrè. Mo gbé sẹ́fà jáde kúrò láàárín wọn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó ń kọ IP fúnra ẹ̀ kó kọ́kọ́ wo ibi tí ti ráútà bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí.

—

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, tuntun ni mí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi Linux sórí ẹ̀rọ, ip link ò tiẹ̀ fi káàdì wáyà hàn mí, lo (ti inú ẹ̀rọ fúnra ẹ̀) nìkan ló wà ńbẹ̀. Wọ́n ní kí n lọ gba driver lórí íntánẹ́ẹ̀tì, íntánẹ́ẹ̀tì tí mi ò ní náà?

—

Èmi tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rèé. Àbúrò, má da ara ẹ láàmú. Fi wáyà USB so fóònù ẹ mọ́ kọ̀ǹpútà, tan USB tethering lórí fóònù, Linux á rí i bíi káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì tuntun, kò sábà béèrè driver kankan. Tó o bá ti wọlé, tẹ lspci -nnk, wá ibi tó kọ Ethernet controller sí, wò ó bóyá "Kernel driver in use" wà lábẹ́ ẹ̀, kó o wá da gbogbo ẹ̀ síbí ká bá ẹ wò ó. Tún tẹ sudo dmesg | grep -i firmware, tó bá ní firmware (ètò inú káàdì) kan kù, á dárúkọ ẹ̀.

Tí ìlà Ethernet yẹn ò bá sí nínú lspci rárá, wọ BIOS (ètò tó ń ṣáájú Linux tàn) lọ wò ó bóyá wọ́n ti pa káàdì náà níbẹ̀.

—

Ẹ ṣeun ẹ̀gbọ́n, mo ti fi fóònù wọlé. Pípa ni wọ́n pa á nínú BIOS lóòótọ́ 😭 mo tan án, ó ti fara hàn báyìí, enp2s0, àmọ́ NO-CARRIER ló kọ síwájú ẹ̀.

—

Àbúrò, wo abẹ́ tábìlì.